Progress bar yín ń purọ́. Tèmi náà purọ́ rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó ná. Thread yìí gùn díẹ̀. Ó kan ẹni tó ń kọ kóòdù, ó sì kan ẹni tí kò kọ ọ́ rí láyé ẹ̀, tó kàn ń fi fóònù kọ fọ́ọ̀mù nínú bọ́ọ̀sì.

Ìlà kékeré yẹn ni mo ní lọ́kàn, èyí tó máa ń kún díẹ̀díẹ̀ lójú-ewé wẹ́ẹ̀bù nígbà tí nǹkan bá ń lọ lọ́wọ́. 10%. 40%. 87%. Ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tí kò tíì tẹjú mọ́ ọn rí nínú wa, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná tí gáàsì sì ti fẹ́ tán.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò gùn rárá: ìlà tí kò bá mọ ibi tí iṣẹ́ dé, kó yé sọ pé òun mọ̀. Ìdí tó fi ń dùn mí tó báyìí ló gùn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan gbé iṣẹ́ fún mi. Yàtọ̀ sí fídíò tí mo ń ṣe níbí, mo máa ń bá àwọn èèyàn ṣe ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù, torí content nìkan ò lè san owó ilé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe lẹ́sìn fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ni. Wọ́n fẹ́ gba àwọn ọmọ díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọmọ kọ orúkọ, kó ya fọ́tò èsì ìdánwò tó ṣe kẹ́yìn nílé ìwé, kó fi ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni fọ́ọ̀mù máa wà ní ṣíṣí.

Ọ̀gá ibẹ̀ ní òun fẹ́ kí nǹkan kan máa sáré lọ níbẹ̀ tí ọmọ bá ti tẹ bọ́tìnnì, bíi tàwọn òyìnbó. Mo ní kò sí wàhálà sà. Mo ṣe ìlà kan, mo kùn ún láwọ̀ ewé, mo sọ etí ẹ̀ di róbótó, ó ń dán. Mo wá fi setInterval sí i, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí tó fi máa dé 100% láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Tó bá dé ibẹ̀, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "Ó ti wọlé! Ẹ ṣeun."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kóòdù ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ẹ gbọ́: ìlà yẹn ò mọ nǹkankan nípa fáìlì. Aago ló ń kà. Bí fáìlì wọlé, kò mọ̀. Bí kò wọlé, kò mọ̀. Bí dátà bá tán lórí fóònù yín láàárín méjì, yóò ṣì kún dé òpin, yóò sì kí yín kú oríire.

Nínú yàrá mi, lórí Wi-Fi, fáìlì máa ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Mo dán an wò bí ogún ìgbà. Mo tiẹ̀ gbé fídíò ẹ̀ síbí, ẹ sì like ẹ̀ gan-an (ẹ kú iṣẹ́).

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti fọ́ọ̀mù pa, ìyá kan pè mí láàárọ̀. Nọ́ńbà mi ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ ojú-ewé fún ẹni tó bá níṣòro. Apá Òkè Ògùn ni wọ́n ti pè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Wọ́n ní àwọn ò rí ìwé ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ó fi ránṣẹ́ lóòótọ́ mà?"

"Háà, ó fi ránṣẹ́ o. Ojú èmi gan-an ló ṣe kún. Ó kún dé ìparí, ó ní ó ti wọlé, la bá pa fóònù torí bátìrì, iná ò sí. Àbí a ò ṣe é dáadáa ni?"

Àbí a ò ṣe é dáadáa ni. Gbólóhùn yẹn ló ń bá mi sùn títí dòní. Ìyá yìí ń wá àṣìṣe lọ́dọ̀ ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé èmi tí mo wà ní Ìbàdàn, tí mo ń mu zobo lábẹ́ fáànù, èmi ni mo kọ irọ́ tí wọ́n gbà gbọ́.

Mo ṣí ẹ̀yìn ojú-ewé náà. Orúkọ ọmọ wà. Fáìlì ò sí. Mo yí i wálẹ̀: orúkọ míì, fáìlì ò sí. Òmíràn. Àwọn tó rí bẹ́ẹ̀ lé ní ogún. Orúkọ fúyẹ́, ó tètè máa ń dé. Fọ́tò ló wúwo.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Fọ́tò tí fóònù òde òní bá yà lè tó 4MB dáadáa. Ìyẹn jẹ́ bit mílíọ̀nù 32. Ká ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi tẹ́ ẹ wà ń gbé bit ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, fọ́tò kan ṣoṣo máa gbà ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ. Ìlà tèmi sì ti parí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ! Fáìlì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ìlà ti dé ilé, ó ti wẹ̀, ó ti ń jẹun. Ọmọ wá pa ojú-ewé, fáìlì sì kú sójú ọ̀nà.

Mo lọ bá ọ̀gá, mo jẹ́wọ́. Kí n má purọ́, ó bú mi, ó sì yẹ kó bú mi. Àmọ́ ó ṣí fọ́ọ̀mù fún ọjọ́ mẹ́ta sí i, èmi náà fi owó káàdì ara mi pe àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ìyá yẹn fi tiẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì gbà á. Àwọn mẹ́rin ò gbé fóònù. Mo pè wọ́n láàárọ̀, mo pè wọ́n lálẹ́, mo fi tẹ́sítì ránṣẹ́. Wọn ò gbé e.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá rí i tí mo ń pariwo lórí ìlà lásán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò mí.

Gbogbo ẹni tó ti wọ danfo rí mọ irú irọ́ yìí. Kọ̀ńdọ́ ń ké "Ó ku ẹnìkan! Ó ku ẹnìkan ká máa lọ!" O sáré, o kó sínú ọkọ̀, o bá ìjókòó mẹ́fà tó ṣófo. Kò sí bó o ṣe fẹ́ gba irú kọ̀ńdọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. Tó bá ní ọkọ̀ ti kún lóòótọ́ lọ́la, wàá ṣì yọjú wò ó. Bó ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú ìlà tó ń purọ́: ojú-ewé tiyín nìkan kọ́ lẹ bà jẹ́, ẹ ti ba ti ẹlòmíì náà jẹ́. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn wa fi máa ń tẹ "Submit" lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí wọ́n bá ń sanwó, tí owó á wá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àwọn kan ti máa sọ pé, "Ṣùgbọ́n sister, psychology ni, ìlà tó ń lọ máa ń fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀." Mo gbà. Mi ò bá yín jà níbẹ̀ rárá. Láti 1985 ni Brad Myers ti gbé ìwádìí rẹ̀ lórí irú ìlà yìí lọ síbi àpérò CHI, ó sì rí i pé àwọn èèyàn fẹ́ràn kí wọ́n máa rí ibi tí iṣẹ́ dé ju kí wọ́n kàn jókòó lọ. Jakob Nielsen náà, nínú ìwé tó kọ ní 1993, ní tí ìdúró bá ti ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, ọkàn èèyàn á ti kúrò níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi ibi tí iṣẹ́ dé hàn án. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa ṣá: ibi tí iṣẹ́ dé. Kò ní kẹ́ ẹ fi ibi tí aago yín dé hàn án.

Èyí tó tún dùn jù ni ti Chris Harrison àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2007, wọ́n mú ìlà oríṣiríṣi tí àkókò wọn dọ́gba, wọ́n ní káwọn èèyàn sọ èyí tó yá jù. Èyí tó ń dúró sójú kan nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n ní ó pẹ́. Èyí tó túbọ̀ ń sáré bó ṣe ń sún mọ́ òpin, wọ́n ní ó yá. Àkókò kan náà o! Ní 2010 wọ́n tún rí i pé tí àwọn ilà bá ń sún sẹ́yìn nínú ìlà tó ń kún náà, ó máa ń dà bíi pé ó yá sí i.

Ìyẹn ò burú lójú tèmi. Ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹni tó lé tìróò ò purọ́ ojú tó ní. Ẹ lè mú kó máa yá lójú, ẹ lè mú kó máa rọra sún dípò kó máa fò. Níbi tí mo ti ń bá yín jà ni òpin. Ẹ má sọ pé ó ti parí nígbà tí kò tíì parí.

NProgress, ìlà tín-ín-rín tó máa ń sáré lókè ojú-ewé, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò, ó máa ń dá kún ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìmọ ibi tí iṣẹ́ dé. Àbùmọ̀ wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n á dúró ṣáájú 100% títí ẹ fi máa sọ fún un pé iṣẹ́ ti tán. Mo lè fara da ìyẹn. Tèmi ìjọsí ò tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ó dáa, báwo lẹ ṣe máa ṣe tòótọ́? Kò le rárá, ìtìjú ẹ̀ ló pọ̀ fún mi.

HTML ti ní tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, progress lórúkọ ẹ̀. Ohun méjì lẹ máa fún un: max, ìyẹn iye tí gbogbo iṣẹ́ jẹ́, àti value, ibi tẹ́ ẹ dé. Tẹ́ ò bá mọ ibi tẹ́ ẹ dé, ẹ yọ value kúrò pátápátá. Browser á mọ̀ fúnra ẹ̀, á wá fi nǹkan tó kàn ń lọ tó ń bọ̀ hàn, bí ìgbà téèyàn ń sọ pé "mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó máa parí." Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo nífẹ̀ẹ́ sí i ju 87% tí ẹnìkan lálàá ẹ̀ lọ. (Ẹ má fi meter rọ́pò rẹ̀ o. Ti meter ni kó sọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó, bí àyè tó kù nínú fóònù. Àbúrò wọn ni, wọ́n jọra, iṣẹ́ wọn yàtọ̀.)

Fún fáìlì tó ń lọ, XMLHttpRequest lẹ máa lò. Mo mọ̀ pé arúgbó ni, fetch lẹ fẹ́ràn, fetch ni mo fẹ́ràn náà. Ṣùgbọ́n fetch kì í sọ fún yín iye fáìlì tó ti jáde lọ́wọ́ yín. Arúgbó yẹn máa sọ. Ẹ máa tẹ́tí sí progress lórí xhr.upload, á máa fún yín ní loaded àti total bí fáìlì ṣe ń lọ. Ẹ fi loaded sí value, ẹ fi total sí max. Tán.

Ibi tó ti lè tún yí yín dànù nìyí, ó fẹ́ yí èmi náà. Tí loaded bá dọ́gba pẹ̀lú total, ohun tó ń sọ ni pé fáìlì ti kúrò lọ́wọ́ browser. Kò sọ pé server ti gbà á, kò sọ pé ó ti tọ́jú ẹ̀. Bíi kẹ́ ẹ gbé ẹrù fún dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì ni: ẹrù ti kúrò lọ́wọ́ yín, kò tíì dé ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí. Nítorí náà, tí tèmi bá ti kún báyìí, ohun tó ń kọ ni "A ti fi ránṣẹ́, à ń dúró de èsì. Ẹ má tíì pa ojú-ewé yìí." Ó di ìgbà tí server bá dáhùn pé òun ti rí i kó tó kọ "Ó ti wọlé."

Mo tún fi iye ẹ̀ síbẹ̀: 1.2MB nínú 4MB. Ẹni tó ń ra dátà mọ ohun tí MB jẹ́ ju bó ṣe mọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣé irọ́ ni mo pa?

Àní, kí n tó fọwọ́ kan ìlà rárá, mo kọ́kọ́ dín fọ́tò náà kù. Kóòdù kékeré kan ni, ó ń fi canvas dín in kù lórí fóònù ọmọ náà kó tó gbéra. Èsì ìdánwò ṣáà ni, kò dìgbà tó bá tóbi tó pátákó ìpolówó ká tó lè kà á. Fọ́tò 4MB ń di nǹkan bíi 300KB. Nígbà tí mo ṣe ìyẹn tán, ìdúró tí mo fẹ́ fi ìlà bo àṣírí ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ ẹwà kù. Mo mọ̀ pé ohun tó mú ọ̀pọ̀ yín dé ibí nìyẹn, fídíò àwọ̀ mèremère lẹ tẹ̀lé mi fún.

Tó bá jẹ́ àwọ̀ nìkan lẹ fẹ́ yí padà, accent-color ti tó yín, ìlà CSS kan péré. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe faaji, ẹ fi appearance: none bọ́ aṣọ tí browser wọ̀ fún un kúrò ná. Lẹ́yìn náà, ní Chrome àti Safari, ::-webkit-progress-bar ni ibùsùn ìlà, ::-webkit-progress-value sì ni apá tó ń kún. Ní Firefox, ::-moz-progress-bar ni apá tó ń kún. Ẹ tún un kà. Orúkọ kan náà, progress-bar, ibùsùn ni lọ́dọ̀ ẹnìkan, ohun tó ń kún ni lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ta ló ṣe èyí fún wa? Mo lo odidi ọ̀sán kan lórí ẹ̀. Ẹ má sì fi àmì ìdánudúró so wọ́n pọ̀ sójú kan, torí tí Chrome bá rí ti Firefox tí kò mọ̀ níbẹ̀, gbogbo òfin náà ló máa dànù. Ẹ kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kódà tó bá jẹ́ ohun kan náà lẹ kọ sínú wọn.

Ẹni tó bá ní div lòun fẹ́ lò, ẹ máa lò ó, mi ò bá yín jà. Ẹ kàn rántí pé ẹni tí kò ríran tó ń fi etí lo fóònù ò ní mọ̀ pé div aláwọ̀ ewé yín ń sọ nǹkankan. Ẹ fi role="progressbar" sí i, ẹ fi aria-valuenow sí i kó máa yí padà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ẹ sì fún un lórúkọ pẹ̀lú aria-label. Ẹ sì lo scaleX kó fi máa kún dípò width, fóònù olówó kékeré á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àwọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí apá tó kún yàtọ̀ dáadáa sí ibùsùn ẹ̀. Mo ti rí eérú lórí eérú. Nínú oòrùn ọ̀sán ní Dùgbẹ̀, ta ló máa rí ìyẹn?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ kóòdù jù mí lọ ka èyí kí n tó gbé e síta, ó ní mo ti ń sọ ọ́ di ẹjọ́, pé àwọn èèyàn ò ka ọ̀rọ̀ ìlà sí. Bóyá. Ìyá yẹn kà á sí. Wọ́n pe ọmọ wọn wá wò ó, wọ́n jọ dúró tì í títí tó fi kún, kí wọ́n tó pa fóònù. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló yẹ kéèyàn ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lónìí: ẹ ṣí ojú-ewé tẹ́ ẹ kọ kẹ́yìn, ẹ lọ sí DevTools, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń dín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kù, ẹ mú 3G. Ẹ fi fọ́tò ńlá kan ránṣẹ́. Nígbà tí ìlà yín bá dé àárín, ẹ yí i sí Offline, kẹ́ ẹ káwọ́ gbera, kẹ́ ẹ máa wò ó.

Tó bá ṣì kún dé 100%, ẹ fi link ẹ̀ sísàlẹ̀ thread yìí. Mi ò ní bú yín, mo ti jẹ́wọ́ tèmi. A jọ máa tún un ṣe. Ọwọ́ mi ṣófo láti aago mẹ́jọ alẹ́, tí NEPA bá gbà.